Ọ̀kadà orí yìnyín ní Cooke City: Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ padà sídìí ẹ̀, kó mọ ìwọ̀n ara ẹ̀ o

Ìlú kan wà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ báyìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mọ́tò lè gbà débẹ̀, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n á sì gbà padà. Cooke City lorúkọ ìlú ọ̀hún, ìpínlẹ̀ Montana ló wà. Àwọn tó fi ibẹ̀ ṣelé látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin ò tó ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ká ní Èkó ni, mólúè kan ṣoṣo ì bá kó gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà, àyè á sì tún ṣẹ́ kù fún kọ́ńdọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé nínú oṣù kejì ọdún, ẹ ó rí i bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ.

Kì í ṣe ìgbéyàwó ló ń gbé wọn lọ, kì í sì í ṣe ìsọjí. Ohun tó ń fa gbogbo wọn lọ síbẹ̀ ni snowmobile, ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn lórí yìnyín. Bí àwọn ọlọ́kadà ilé ṣe máa ń gbé tiwọn sílẹ̀ níwájú búkà, tí wọ́n á wọlé lọ jẹ ẹ̀bà, bẹ́ẹ̀ làwọn tibẹ̀ ń gbé tiwọn sílẹ̀ níwájú ilé oúnjẹ, tí wọ́n á gbọn yìnyín kúrò lára, tí wọ́n á wọlé lọ mu kọfí.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn èrò yìí, àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, wọn ò sì jẹ́ àlejò nídìí eré náà. Wọ́n ti gùn ún rí nígbà tí eegun ṣì le, kó tó di pé wọ́n gbéyàwó, kó tó di pé owó iléèwé ọmọ ń jẹ owó oṣù tán. Ní báyìí tí ọwọ́ ti dilẹ̀ díẹ̀, wọ́n fẹ́ẹ́ padà. Ìbéèrè kan ló wà níwájú wọn: èwo ni kí wọ́n rà tí kò ní máa bá wọn jà? Ẹni tó bá rò pé ìbéèrè yẹn kéré, kò tíì dé orí òkè ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣì í mú, ó lè fi owó jóná, ó lè fi eegun ẹ̀yìn dí i, nígbà mí-ìn sì rèé, ẹ̀mí lèèyàn fi ń dí i.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀lú

Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn sábà máa ń bá bàálù dé Bozeman. Látibẹ̀, á wa mọ́tò gba Livingston kọjá títí tó fi máa dé Gardiner, níbi tí ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ wà. Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra ẹ̀ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1903. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ Yellowstone, ọgbà ẹranko àti igbó ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872.

Láti Gardiner sí Cooke City tó bíi 90 kílómítà, inú ọgbà yẹn gan-an ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Nígbà òtútù, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀nà inú ọgbà ni wọ́n máa ń tì mọ́ mọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kì í ti èyí. Ní àfonífojì Lamar, àwọn ẹfọ̀n onírun gọbọi á dúró sáàárín títì bí ẹni tó ni ìlú, onímọ́tò á sì ní sùúrù títí tí wọ́n á fi kúrò nígbà tó bá wù wọ́n. Ìkookò náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti pa wọ́n run tipẹ́, ọdún 1995 nìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà wá láti Kánádà.

Bí mọ́tò bá ti kọjá abúlé Silver Gate, Cooke City ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà tán. Títì yẹn ì bá máa lọ sórí òkè Beartooth, tí ibi tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ 10,947 ẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n yìnyín á ti bò ó mọ́lẹ̀ bámúbámú. Ó di bíi ìparí oṣù karùn-ún kí mọ́tò tó tún lè gba ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí ojú àwọn ará ìlú náà fi rí màbo lọ́dún 2022. Oṣù kẹfà ọdún náà ni omíyalé ńlá ya, ó sì ba ọ̀nà tó ti Gardiner wá jẹ́. Nígbà ooru, wọ́n lè gba orí òkè. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá bá wọn níbẹ̀ láìsí ọ̀nà Gardiner, ta ló máa gbé oúnjẹ wá? Ta ló máa wá gun ọ̀kadà yìnyín tí wọ́n á fi rówó ná? Oṣù kẹwàá ni wọ́n rí ọ̀nà ọ̀hún ṣí padà. Àwọn ará ìlú wá mí kanlẹ̀.

Wúrà ni wọ́n wá wá, yìnyín ni wọ́n ń jẹ

Cooke City ga tó 7,600 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju òkun lọ. Ẹni tó bá ti etí òkun lọ síbẹ̀, àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré ti tó láti mú un máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Wúrà ló kọ́kọ́ kó èèyàn débẹ̀ láàárín ọdún 1870 sí 1880. Wọ́n fi orúkọ Jay Cooke Kékeré, ọmọ olówó kan, sọ ìlú náà, nítorí wọ́n retí pé rélùwéè máa tipasẹ̀ ẹ̀ débẹ̀. Wọ́n sọ ìlú lórúkọ tán, rélùwéè ò dé títí dòní olónìí. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà láàárín ìlú ti wà níbẹ̀ látọdún 1886.

Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ kan tún fẹ́ẹ́ wa wúrà lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn kan ní kí wọ́n wà á, iṣẹ́ á pọ̀. Àwọn mí-ìn fárígá, wọ́n ní omi tó ń ṣàn lọ sí Yellowstone á bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ààrẹ Bill Clinton fúnra ẹ̀ wá síbẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ọdún 1996, tó kéde pé ìjọba máa fún iléeṣẹ́ náà ní ohun tó tó mílíọ̀nù 65 dọ́là kó lè jáwọ́. Bí wọ́n ṣe jáwọ́ nìyẹn. Látìgbà náà, àwọn tó wá ṣeré ló ń bọ́ ìlú. Bí òtútù bá dé, yìnyín ni wúrà wọn.

Ikú ọmọ kan wà nínú ìtàn ẹ̀

Kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn ọ̀kadà yìnyín kó má dárúkọ Joseph-Armand Bombardier. Valcourt, ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1907. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó fi ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford àlòkù àti abẹ̀bẹ̀ bíi ti bàálù kan ẹ̀rọ tó sá lórí yìnyín. Ẹ̀rù ba bàbá ẹ̀, ó ní kó tú u palẹ̀ kíá. Ọmọ náà tú u, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn ẹ̀.

Lọ́dún 1934, ọmọ Bombardier tó ń jẹ́ Yvon, tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ, ní àrùn inú tó le gan-an. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Àmọ́ yìnyín ti dí gbogbo ọ̀nà, mọ́tò ò lè lọ, ẹ̀rọ tí bàbá ẹ̀ sì ń kàn lọ́wọ́ ò tíì ṣeé gbé jáde. Ọmọ náà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá tó jẹ́ mẹkáníìkì ń wo ọmọ ẹ̀ bó ṣe ń kú lọ nítorí pé kò sí mọ́tò tó lè rìn lórí yìnyín! Ìbànújẹ́ yẹn ò jẹ́ kó sinmi mọ́. Nígbà tó fi máa di 1937, ọkọ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní B7, tó ń gbé èèyàn méje, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó dókítà, àlùfáà àtàwọn ọmọ iléèwé káàkiri lórí yìnyín.

Ọdún 1959 ló ṣe èyí tó kéré, tó ṣeé gùn bí ọ̀kadà, ìyẹn Ski-Doo. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Ski-Dog lòun fẹ́ẹ́ pè é, nítorí ajá ló ń fa ẹrù àwọn ará ibẹ̀ lórí yìnyín tẹ́lẹ̀, pé àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di Ski-Doo. Ọkùnrin náà kú lọ́dún 1964, lẹ́ni ọdún 56. Lápá ti Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú Roseau ní Minnesota, tí wọ́n dá Polaris sílẹ̀, náà ti ń ṣe tiwọn látọdún 1956. Ọ̀kan nínú wọn, Edgar Hetteen, gun tiẹ̀ la Alaska kọjá lọ́dún 1960, ọ̀nà tó ju ẹgbẹ̀rún máìlì lọ, láti fi han gbogbo ayé pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Òun náà ló tún lọ dá iléeṣẹ́ tó di Arctic Cat sílẹ̀. Yamaha ti Japan náà wà nídìí ẹ̀ látọdún 1968, ṣùgbọ́n wọ́n kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ò ṣe mọ́, èyí tó jẹ́ ti ọdún 2025 ló gbẹ̀yìn.

Ẹni tó sùn ní 1998, tó jí lónìí

Ẹ mú ọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà yìnyín gbẹ̀yìn lọ́dún 1998. Nígbà náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á na apá síwájú di hándù mú. Bẹ́líìtì rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí ń gbé e rìn, kì í sábà gùn ju 136 ínṣì lọ, èyí tí wọ́n sì ń pè ní ẹ̀rọ òkè nìyẹn. Kabúrétọ̀ ló ń fa epo, tí wọ́n bá ti gun òkè tó ga báyìí, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹni tó bá gbọ́n á sọ̀ kalẹ̀, á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀ nínú òtútù pẹ̀lú ìka tó ti kú.

Ìyẹn ti di ìtàn. Lórí èyí tó jẹ́ ti ọdún 2003, Ski-Doo gbé ìjókòó wá síwájú, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Lónìí, ìdúró ni wọ́n fi ń gùn ún lórí òkè, hándù á wà ní ìbàdí, bí ẹni tó ń ti ọmọlanke. Ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ló ń wọn epo, òun fúnra ẹ̀ ló ń mọ̀ pé ibi gíga lòún dé. Bẹ́líìtì ti gùn dé 154, 165, ó tún ti dé 175 ínṣì, ehín rọ́bà ara ẹ̀ sì lè yọ síta tó ínṣì mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ kó padà sẹ́yìn, bọ́tìnì kan lẹ ó tẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí sódì.

Ọ̀rọ̀ agbára ẹ̀ ló wá bani lẹ́rù. Ọ̀kadà tí wọ́n ń fi gbérò nílé, agbára ẹ̀ jẹ́ bíi ti ẹṣin mẹ́wàá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 850 lórí òkè yìnyín, bíi ti ẹṣin 165 ni! Bó sì ṣe lágbára tó yẹn, ìwọ̀n ẹ̀ láìsí epo kò ju bíi 200 kílò lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò tẹ iná ẹ̀ láìrò ó, ẹ̀rọ á lọ, òun á sì kù sílẹ̀.

Èwo ni kì í báni jà?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń padà bọ̀ ò tètè mọ̀ ni pé lórí òkè, yíyí hándù nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń darí ẹ̀. Èèyàn á fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ lélẹ̀ ni, á dúró sórí ẹsẹ̀ kan, á fi ìbàdí wọ̀n ọ́n, á sì máa gba ara òkè kọjá bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó ṣubú. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá rọrùn ni èyí tó bá gbà láti dùbúlẹ̀ nígbà téèyàn bá ní kó dùbúlẹ̀, tó sì dìde nígbà téèyàn bá ní kó dìde. Ohun mẹ́rin ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ìbú iwájú ẹ̀, láàárín síkì méjì tó fi ń rìn. Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà tó tẹ́jú fẹ̀ tó bíi 42 ínṣì kó má baà dojú dé níbi kọ́nà. Ti orí òkè kì í sábà ju 36 lọ. Bí iwájú ẹ̀ bá ṣe há tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ní gba agbára kí wọ́n tó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá lọ ra ti ojú ọ̀nà nítorí pé ó pọ́n, tó sì gbé e lọ sórí òkè, ìjà ló rà.

Èkejì ni gígùn bẹ́líìtì. Èyí tó gùn máa ń léfòó lórí yìnyín rírọ̀, ó sì máa ń gun òkè bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn láti máa lọ tààrà. Èyí tó wà láàárín 146 sí 155 ínṣì ló ń tètè yí láàárín igi. Ẹni tó bá sanra tàbí tó ga púpọ̀ lè nílò 165 kó má baà máa rì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ẹni tó ń padà bọ̀ ló máa ń fẹ́ 850, nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń gùn nìyẹn. Àwọn kan tiẹ̀ ń wo èyí tó ní tọ́bò, tí afẹ́fẹ́ òkè kì í sọ agbára ẹ̀ di ọ̀lẹ. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ní i máa ń pàdánù bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ ní gbogbo ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà tó bá gùn sókè. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní 600 ló máa ń tu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí lára. Agbára ẹ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀, kì í já gbà mọ́ èèyàn lọ́wọ́, àṣìṣe àtàǹpàkò ò sì ní gbé èèyàn lu igi. Ẹṣin bíi 125 ló wà nínú ẹ̀. Ta ni 125 kò tó?

Ẹ̀kẹrin ni bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀yìn ẹ̀. Látọdún 2013 ni Ski-Doo ti ń ṣe èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí eteetí bẹ́líìtì ẹ̀ sì rọ̀. Arctic Cat mú tiẹ̀ jáde fún ọdún 2019, irin kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé bẹ́líìtì ró dípò méjì, kó lè máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́rẹ́. Polaris ní tiẹ̀ gbájú mọ́ fífúyẹ́, RMK tiẹ̀ tó jáde fún ọdún 2011 ló mú kí àwọn yòókù wá bí wọ́n ṣe máa dín ìwọ̀n tiwọn kù.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, òórùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ní ṣàjèjì. Two-stroke ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ òkè yìí, ó ń jó ọ́ìlì mọ́ epo, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour. Kì í ṣe pé wọn ò mọ four-stroke ṣe. Ìwọ̀n ni wọ́n ń sá fún. Bí ẹ̀rọ bá rì sínú yìnyín tó mu èèyàn dé àyà, ẹni tó ni ín ló máa wà á jáde, gbogbo kílò tó bá wà lára ẹ̀ ló sì máa dá mọ̀.

Ẹ háyà kẹ́ ẹ tó rà

850 tuntun kan lè gba dọ́là tó lé ní 15,000, láìtíì ra aṣọ, àṣíborí àti tírélà tí wọ́n á fi gbé e. Ìdí nìyẹn táwọn tó gbọ́n fi máa ń kọ́kọ́ háyà. Wọ́n á gun 154 lónìí, wọ́n á gun 165 lọ́la, ara wọn á sì sọ fún wọn. Bí àtàǹpàkò bá ń fa èèyàn ní ọ̀sán, bí ẹ̀yìn bá ń ro ó nítorí pé hándù kéré sí gíga ẹ̀, ó sàn kó mọ̀ ọ́n lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ.

Ẹni tó bá máa ra àlòkù ní tiẹ̀, kó má wo kíkùn ara. Kó dojú ẹ̀ bolẹ̀ wo bẹ́líìtì bóyá ehín ti já, kó wo páànù tó bo bẹ́líìtì bóyá ó ti wọ́, kó ní kí mẹkáníìkì wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ẹ́ńjìnnì, kó sì bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló ti ṣe. Àlòkù tí wọ́n fi òwò gùn lórí òkè fún ọdún márùn-ún yàtọ̀ sí èyí tí bàbá àgbàlagbà kan ń gbé jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kó sì mọ ibi tí wọ́n ń gùn ún dé. Kò sẹ́ni tó lè gbé irú ẹ̀rọ òkè yìí wọ inú Yellowstone. Èyí tí kò láriwo, tí èéfín ẹ̀ kéré, tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló ń wọbẹ̀, ètò tó le sì wà lórí ẹ̀. Igbó Absaroka-Beartooth tó wà nítòsí, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1978, kò gba ẹ́ńjìnnì kankan rárá. Orí Daisy Pass àti Lulu Pass, nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n ti ń ṣeré tiwọn.

Òkè tó ń ya

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀rọ yìí, apá kan ni. Apá kejì ló ń pani. Yìnyín orí òkè kì í ṣe ohun kan náà láti òkè délẹ̀. Ìpele-ìpele ló wà, bí aṣọ tí wọ́n ká léra. Bí ìpele ìsàlẹ̀ ò bá lágbára, tí ẹni kan gun orí ẹ̀ kọjá, gbogbo èyí tó wà lókè lè já lẹ́ẹ̀kan náà kó sì ya wá sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Òkè tó bá dagun láàárín ìwọ̀n 30 sí 45 ló sábà máa ń ya, irú òkè yẹn gan-an ló sì ń dùn gùn jù. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní ogún ló ń bá a lọ lọ́dọọdún ní ìpíndọ́gba, àwọn tó ń gun ọ̀kadà yìnyín sì wà lára wọn dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kú náà tàbí ẹni tí wọ́n jọ jáde ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ já a.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó rọrùn ti wá yí padà. Ní 1998, ẹ̀rọ kúkúrú ò lè dé ibi tó burú jù. Á ti rì sọ́nà, ìyẹn sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn yọ láìmọ̀. Ti òde òní máa gbé ẹni tí kò mọ nǹkan kan dé orí òkè tí àwọn ògbólógbòó ń bẹ̀rù, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀fẹ́-ọ̀fẹ́. Bó ṣe rọrùn tó ló ṣe léwu tó.

Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ jáde, àwọn tó mọ nǹkan máa ń ka ìròyìn tí ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ yìnyín òkè ní Bozeman máa ń gbé jáde láràárọ̀ nígbà òtútù, tó sì kan àwọn òkè Cooke City. Olúkúlùkù á so ẹ̀rọ kékeré tó ń fọhùn mọ́ àyà, kí wọ́n lè wá a rí bí yìnyín bá bò ó. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wò àti ṣọ́bìrì á wà lẹ́yìn wọn, lára èèyàn gan-an, kì í ṣe lára ọ̀kadà, nítorí ọ̀kadà lè gba ibi tiẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gun òkè lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á dúró sí ibi tí kò léwu, wọ́n á máa wò ó. Bó bá sì há sókè, wọn kì í sáré lọ bá a, kó má di pé òkè ya lu èèyàn méjì. Tí yìnyín bá bo èèyàn, tí wọ́n bá yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ló máa ń yè. Bó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Kò sì sí ọsibítù ńlá kankan ní Cooke City. Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn náà ni.

Ọmọ wa náà ti bá yìnyín pàdé

Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé eré yìnyín kì í ṣe ti àwọ̀ dúdú, kó rántí ọdún 2018 ní PyeongChang, lórílẹ̀-èdè South Korea. Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ló ṣojú Nàìjíríà nínú eré bobsled ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ìgbà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè kankan nílẹ̀ Áfíríkà máa ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Pákó ni Adigun kọ́kọ́ fi kan èyí tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Simidele Adeagbo náà wà níbẹ̀, òun dá gun tiẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ. Kò sẹ́ni tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú wọn, ṣùgbọ́n pákó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn ò dúró de ohun tó ga jù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà ní Cooke City. Lóòótọ́, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ti gun ọ̀kadà yìnyín rí ní àkísà tó pọ̀: ó mọ bí òtútù ṣe ń ta, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó máa gùn báyìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó fi sílẹ̀, ara tó máa fi gùn ún náà kì í sì í ṣe ti ìgbà yẹn. Ẹni tó bá mú 600 oní-154, tó gba ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn lábẹ́ yìnyín, tó sì padà sí òtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú gbogbo ẹni tí wọ́n jọ jáde láàárọ̀, ó ti ra ojúlówó. Ẹni tó bá sì ra èyí tó gbóná jù lọ nítorí kí ojú má baà tì í lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké, kó rántí pé òkè ò mọ ẹni tó jẹ́ gbajúmọ̀. Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.